Àgádágodo Marlys

Ìwọ tí o ń ka èyí, gbọ́ o. Bí iṣẹ́ bá gbé ọ dé ẹnu àpótí irin tí èédú kún inú rẹ̀, tí omi sì ti kan èédú náà, má ki orí bọ ibẹ̀. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, má ki orí bọ̀ ọ́. Bí ọ̀gá rẹ bá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó máa rín in lọ. Èédú tútù ń mu afẹ́fẹ́. Kì í pariwo, kì í rùn, kì í ta èèyàn lójú. Èyí tó yẹ kí ìwọ fi mí ni yóò kàn rọra mu tán.

Delbert Hruska kò mọ èyí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó mọ̀ kò ju ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iná átọ́míìkì etí adágún náà mọ̀ lọ: èédú ni wọ́n fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé ńlá tí iná átọ́míìkì wà, èédú ni yóò gba májèlé mọ́ra kí afẹ́fẹ́ tó jáde sórí ilé àwọn aráàlú. Nítorí náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wọ inú àpótí rẹ̀, kó yẹ àwo èédú wò, kó yẹ rọ́bà etí rẹ̀ wò, kó bu díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ni. Òun àti Marlys Tvedt ni wọ́n jọ ń ṣe é láti ìgbà tí irun Delbert ṣì wà lórí rẹ̀.

Delbert kò kàwé lọ títí, ẹ̀rù sì máa ń bà á. Marlys a máa sọ pé kí Delbert tó sín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, páìpù omi panápaná tó wà lókè èédú jò. Wọ́n ti omi, wọ́n sì ti àpótí náà pa gbọn-in. Ní báyìí, Rademacher, ọ̀gá wọn, fẹ́ kí wọ́n wọlé lọ wo ibi tí omi dé. Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn báyìí, omi dúdú rọra ṣàn jáde sí ìdí bàtà Delbert.

"Ọ̀gá, omi nìyí o."

"Omi ni, Del. Kì í ṣe ejò."

"Ṣé a ò ní jẹ́ kó gbẹ ná?"

"Kó gbẹ di ìgbà wo? Di Kérésì? Wọ́n fẹ́ tan ilé yìí padà, èmi ni wọ́n ń pè lórí fóònù, kì í ṣe ìwọ."

Rademacher na ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Iná rẹ̀ tàn ní àwọ̀ ewé: ó dára. Ó fi ẹ̀rọ náà kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àgádágodo ló kù. Níbẹ̀, bí o bá fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ, wàá kọ́kọ́ fi àgádágodo tìrẹ ti súìṣì rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má baà tan án mọ́ ọ lórí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a wà lọ́rùn rẹ. Ẹni tó tì í ló ń ṣí i. Ẹni tó bá gé ti ẹlòmíì, ọjọ́ náà ni yóò gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ sílé, kò sì ní í padà wá mọ́. Pupa ni ti Marlys, ó ya ẹja funfun kan sí i lára, torí pé kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ẹja díndín alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ó fi í ti súìṣì fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú àpótí náà pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn sínú ẹ̀wù.

"Okùn tí màá fi fà ọ́ jáde ńkọ́?" Delbert bi í.

"Kó lè há sáàárín àwo? Ìwọ alára, ìgbà wo lo so ó gbẹ̀yìn?"

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń so ó.

"Mú ẹ̀rọ ìwọ̀n yìí dání, ó kéré tán."

"Kó máa ké sí mi létí bí ọmọ tí ebi ń pa? Fi í síbẹ̀, jàre. Del, bí mo bá kú, kí wọ́n má fi àkẹtẹ̀ iṣẹ́ yìí sin mí o. Ó ń ba irun mi jẹ́."

"Má sọ irú ẹ̀ mọ́!"

"Ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n!" Marlys rẹ́rìn-ín, ó sì rá wọlé.

Iṣẹ́ Delbert ni láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣọ́nà kò gbọdọ̀ wọlé, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Marlys a máa fi tọ́ọ̀ṣì kan irin nínú lọ́hùn-ún, Delbert a kan ilẹ̀kùn dá a lóhùn. Ó gbọ́ ọ bó ti ń gba ojú ihò kékeré kọjá sẹ́yìn àwo.

"Ó rin gbindin o!" ohùn rẹ̀ ń dún bọ̀. Kó-kó. Delbert kan tirẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀. Kó.

"Del? Ta ló ń kọrin níta yẹn?"

Kò sẹ́ni tó ń kọrin. "Marlys, jáde wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í ṣe tirẹ̀, ó falẹ̀ bí ti ẹni tó mutí yó. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan já bọ́ gbàlà. Delbert rí iná tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ àwo, ó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò mira.

"Marlys!"

Ó kan ilẹ̀kùn. Ó tún kàn án. Ó já ẹ̀rọ ìwọ̀n náà gbà lọ́wọ́ ilẹ̀kùn, ó nà án wọ inú lọ bí apá rẹ̀ ti gùn tó, sísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọ̀gá kò dé. Iná pupa bù yẹ̀rì, ẹ̀rọ náà figbe ta. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré wọlé, ọkàn rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Bó bá wọlé, òkú méjì ni wọn yóò wọ́ jáde. Ó sáré sídìí fóònù ara ògiri, ó pe ọ̀gá rẹ̀.

"Má wọlé!" ni Rademacher pariwo. "Àwọn agbẹ̀mílà ń bọ̀, wọ́n ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́rùn lọ́wọ́."

"Kó tó di pé wọ́n dé, ó ti kú! Ẹ jẹ́ kí n tan fáànù, yóò fa afẹ́fẹ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé!"

"Àgádágodo ta ló wà lára ẹ̀?"

"Ti Marlys."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ọrùn ẹ̀ ló wà."

Delbert ń gbọ́ èémí ọ̀gá rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án, Del. Ṣé o gbọ́? O mọ òfin."

Ó mọ òfin. Òfin yẹn nìkan ni ohun tí kò bà á lẹ́rù rí nílé iṣẹ́ yìí, torí òun ló ń jẹ́ kó sun oorun lálẹ́. Ó wo ẹja funfun náà. Ẹja náà ń wò ó. Ohun tí Marlys fi dáàbò bo ara rẹ̀ ló wá dì í mọ́ inú ikú yìí.

Ó mú ayùn irin nínú àpótí irinṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ayùn ń yọ̀, ó gé e lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí ẹja náà. "Jọ̀ọ́," ló ń wí, kò mọ ẹni tó ń bẹ̀. "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, já." Ó já. Ó yí súìṣì. Fáànù bú ramúramù, ìjì gba ọrùn rẹ̀ kọjá wọ inú àpótí. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kígbe, "Mí! Marlys, mí!"

Ibẹ̀ ni àwọn agbẹ̀mílà bá a. Wọ́n wọ́ Marlys jáde, ojú rẹ̀ dúdú fún èédú, ètè rẹ̀ ti ń ṣe bí aró. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Delbert kò lè wò ó, kò sì lè gbójú kúrò. Marlys wá húkọ́.

Ọjọ́ kejì, Rademacher àti obìnrin kan láti ọ́fíìsì dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì Marlys nílé ìwòsàn. Delbert wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó di fìlà rẹ̀ mú. Àgádágodo tó já wà nínú àpò ọ̀rá lọ́wọ́ ọ̀gá.

"Marlys, tìrẹ nìyí. Ẹni tó ni ín nìkan ló lè ní kí wọ́n gé e. Ta ló ní kí Del gé e?"

Marlys yọ ohun tó fi ń mí kúrò nímú. Ohùn rẹ̀ há. "Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Kí n tó wọlé. Mo ní bí n kò bá dáhùn, kó gé e."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù."

"Ẹ̀rù ń bà á ni. Ìgbà wo ni ẹ̀rù kì í ba Del?"

Obìnrin ọ́fíìsì yíjú sí Delbert. Delbert la ẹnu. Marlys wò ó báyìí, Delbert sì pa á dé.

"Marlys," ni Rademacher wí, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, "wò mí lójú kí o tún un sọ."

"Àgádágodo mi ni, ọ̀gá. Mo ti sọ tèmi tán."

Ó fi ohun tó fi ń mí bo imú àti ẹnu padà, ó sì kọjú sí ògiri. Wọ́n pè é, wọ́n tún pè é. Èémí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.