Ìbọn Tó Dán Jù

Kò sí ohun tí Enoch Thirkell fẹ́ràn láyé yìí tó ìbọn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń wa táǹkì wa, ọkọ̀ ogun onírin, òun ló ń yin ìbọn apá ọ̀tún. Ìbọn ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbé wọ táǹkì, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn yẹn ló sì kó àṣà ìmọ́tótó yìí ràn án. Kí ó tó bọ́ ojú ara rẹ̀ láàárọ̀, á ti nu ojú ìbọn.

Akọ ni táǹkì wa. Èyí tó bá gbé ìbọn ńlá sí ìhà méjèèjì là ń pè ní akọ. Èyí tó gbé kìkì ìbọn arọ̀jò ọta, abo ni. Ẹ má bi mí ní ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ. Inú àpótí irin ràgàjì tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì ni ìbọn kọ̀ọ̀kan ń gbé. Kì í jẹ́ kí táǹkì gba orí ọkọ̀ ojú irin, nítorí náà a máa ń tú u, a ó gbé e sórí ọmọlanke, tí a bá sì dé ibi tí à ń lọ, a ó tún dè é. Bí wọ́n ṣe lu ihò nọ́ọ̀tì wọn nílé iṣẹ́ kò dọ́gba, àpótí táǹkì kan kì í wọ òmíràn lára.

Lọ́jọ́ tí a sọ̀ kalẹ̀ nílẹ̀ Faransé láti bá àwọn Jámánì jà, òjò ti fọ gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n fi ẹfun kọ sára àwọn àpótí. Kápítẹ́nì Loftus sì pàṣẹ.

"Ìbọn ńlá ò tó wa. Táǹkì tí kò bá tíì de tiẹ̀ nígbà tí aago mẹ́rin bá lù, n ó gba ìbọn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, n ó sì sọ táǹkì náà di abo."

Enoch sáré lọ síbi tí wọ́n to àwọn ọmọlanke sí, ó nawọ́ sí ọ̀kan.

"Tèmi rèé! Ojú kan ni mo fi dá a mọ̀."

Apá òsì wọlé wẹ́rẹ́. Apá ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀. A tì í, a fi irin hú u, a ṣépè fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí ihò kan bá bá ara wọn mu, èkejì á ti lọ síbòmíràn.

Ẹ̀gbẹ́ wa ni táǹkì Cuthbert Raine wà. Òun náà ń yìnbọn apá ọ̀tún, òun àti Enoch kì í sì í gbà fún ara wọn.

"Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn, ṣé kò sí o?" Cuthbert kígbe.

"Kò sí rárá! A ti fẹ́ẹ̀ parí!" Òógùn ń ro tótó lójú Enoch. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àwa? A kàn ń sinmi ni."

Òòlù wọn sì ń dún gbàgà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

Àwa Gẹ̀ẹ́sì, bí ayé bá fẹ́ parẹ́, a ó kọ́kọ́ mu tíì ná. Nígbà tí tíì jinná, mo gbé ife mi lọ tọrọ ṣúgà lọ́dọ̀ àwọn Cuthbert. Mo yọjú wo apá ọ̀tún wọn. Tiwọn náà ò wọlé! Ẹ̀rín pa mí débi pé tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo padà wá ròyìn fún Enoch.

"Ìbọn wọn ló wà lọ́wọ́ wa, tiwa ló wà lọ́wọ́ wọn!"

Enoch ò rẹ́rìn-ín. "Rọra, Wilf. Mo ti ń fura."

"O ń fura, o sì ń jẹ́ ká máa tì í?"

Ikọ̀ táǹkì méjèèjì para pọ̀, a bú ara wa dáadáa, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àpótí. Orí ọmọlanke ni méjèèjì ṣì wà nígbà tí Kápítẹ́nì dé.

"Aago mẹ́rin ti lù. Ta ló kó ìbọn ẹlòmíràn?"

Kálukú gbójú wo òòlù ọwọ́ rẹ̀.

"Tí n kò bá mọ ẹni tó ṣe é, méjèèjì á di abo."

Mo wo ojú Enoch, àánú rẹ̀ ṣe mí. Bó bá sọ̀rọ̀, ìbọn rẹ̀ lọ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ti Cuthbert á bá a lọ. Ó bọ́ síwájú.

"Èmi ni, ọ̀gá. Cuthbert ò mọ nǹkan kan. Èyí tó ṣẹ́ kù ló mú."

"Báwo ni o ò ṣe dá ìbọn tìrẹ mọ̀?"

Ojú Enoch pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀, ó wo Cuthbert, ó tún wo bàtà rẹ̀.

"Èyí tó dán jù ni mo mú, ọ̀gá. Mo rò pé kò sí ẹlòmíràn tó lè nu ìbọn tó bẹ́ẹ̀."

Kápítẹ́nì fẹ́ le ojú, àmọ́ irunmú rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yíjú padà, omi ti lé sí i lójú.

"Aago márùn-ún," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ kúrò níwájú mi!"

A de méjèèjì kí aago márùn-ún tó lù. A lọ dán wọn wò, Enoch sì ba àmì pẹ̀lú ọta àkọ́kọ́. A hó yè! Òun ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ Cuthbert ló gbà lọ tààrà.

"Jọ̀ọ́, kí lo fi ń nu tìẹ?"

Cuthbert fa páìpù rẹ̀, ó rọra tú èéfín jáde.

"Ọwọ́ ni. Ṣé ẹsẹ̀ ni ìwọ ń lò?"

Enoch bú u títí, ó wá jókòó tì í, ó sì na ọwọ́ gba páìpù náà lẹ́nu rẹ̀.