Okùn Tí Mo Sún Síwájú

Lọ́jọ́ tí Djaffar fi alùpùpù dárà ní pápá Bantè, èmi Hakim ni wọ́n ní kí n ta okùn tí èrò kò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn èèyàn ń bẹ̀ mí pé àwọn kò ríran dáadáa, ni mo bá sún okùn náà síwájú. Alùpùpù bọ́ lọ́wọ́ Djaffar, ó já lu Rachidath aránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán.

Nílé ìwòsàn, Djaffar kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bi mi ni."

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo sún okùn."

Rachidath wò mí títí. "Hakim, ṣebí èmi náà wà lára àwọn tó bẹ̀ ọ́."

Kàkà kí ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú, ṣe ló tún dùn mí sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣọ́ wọn.