Ọmọ Tó Yọ Lábẹ́ Ojú

Ìdí mi fẹ̀, bákónì mi kò fẹ̀. Bí mo bá yí sọ́tùn-ún, mo gbá garawa igi ọsàn mi. Bí mo bá yí sósì, mo gbá ògiri. Igi náà kò ga ju àyà mi lọ, síbẹ̀ ó ń so, ọsàn rẹ̀ sì dùn débi pé mo máa ń lá ọwọ́ bí ọmọdé.

Bàbá àwọn ọmọ mi ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé wa àtijọ́, ó gé ojú kan lára igi ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọsàn kíkan tí kì í ga. Wọ́n wó ilé, wọ́n gé igi. Lẹ́yìn náà ni òun náà lọ. Garawa yìí ló kù.

Lórí ibùsùn àìsàn, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ò já gaara mọ́, ó ní, "Àga-Ò-Gbà-Á, ọmọ tó bá yọ lábẹ́ ojú, gẹ̀ ẹ́." Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Ọmọ náà sì yọ ní ìdí igi, lábẹ́ ibi tó lẹ ojú mọ́, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo gẹ̀ ẹ́ dáadáa! Láràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín, tí mò ń bi í pé, "Ọmọ mi, o jí?"

Ní oṣù tó kọjá, ewé ìyá pọ́n, wọ́n ń já. Ẹ̀ka gbẹ tẹ̀lé ẹ̀ka. Mo sáré pe Ológbà, ẹni tó ń tọ́jú òdòdó ilé ìwòsàn àdúgbò.

"Màmá, ta ló ní kí ẹ máa tọ́ èyí? Ẹ̀gún ló ní, kíkan ni yóò so. Òun ló ń jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀."

"Ọkọ mi ló ní kí n gẹ̀ ẹ́!"

"Gẹ̀ ẹ́ kẹ̀? Gé e ni, Màmá. Gé e!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Etí ńlá méjì lórí, asán!

Ológbà fi èékánná ha àwọn ẹ̀ka. Gbígbẹ. Gbígbẹ. Ojú kan ṣoṣo ló kù tí abẹ́ èèpo rẹ̀ ṣì tutù. Ó bó o tòun ti ẹsẹ̀ ewé rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tó gbé ewé dúró, ó la èèpo ara ọmọ náà, ó ti ojú náà sínú rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ń kú lọ, ọmọ yìí ni yóò máa bọ́ ojú náà báyìí. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Ohun tí mo bá sì jókòó lé, kò ríbi lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ológbà tú ọ̀rá. Mo rọra fìka kan ẹsẹ̀ ewé náà, ó já bọ́.

"Yé! Mo ti pa á!"

"Ẹ fara balẹ̀. Èyí tó kú ló máa ń gbẹ mọ́ ara igi. Tó bá já báyìí, ojú ti mú nìyẹn." Ó na ọ̀bẹ sí mi. "Ó ku orí ọmọ yìí. Gbogbo ohun tó wà lókè ojú ni kó lọ, kí ojú dídùn náà lè rí oúnjẹ hù."

Mo gba ọ̀bẹ. Mo bẹ ọmọ náà, mo pè é ní ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gé e.