Òǹtẹ̀ Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ọba Òòlù

Nínú àpótí irin kan lábẹ́ igi dóńgóyárò, ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ìjọba kan wà. Òòlù ni ọba. Àwọn tó wọ aṣọ kíróòmù, tí ara wọn ń dán bíi dígí, ni olóyè; òkè ni wọ́n ń sùn, lórí àkísà funfun. Àwọn irin dúdú wà nísàlẹ̀ nínú gíríìsì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ibẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn.

Àpótí Lájídé, mẹkáníìkì mìíràn, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Àpótí méjèèjì máa ń yá ara wọn ní nǹkan, ohun tó bá sì lọ kì í sábà bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Mosúnmọ́lá Adégún, obìnrin mẹkáníìkì tó ni àpótí Ọba Òòlù, fi ra Òǹtẹ̀ wálé, irin tí wọ́n máa ń fi òòlù lù kó lè tẹ lẹ́tà sára irin mìíràn; lẹ́tà M àti A ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ọba Òòlù pe ìgbìmọ̀.

Ó ní, “Gbogbo ará ìlú yóò gba lẹ́tà ẹni tó ni wá. Ẹni tó bá sọnù, lẹ́tà náà ni yóò mú un padà wálé.”

Inú Sípánà Mẹ́tàlá dùn débi pé ó fò sókè. Olóyè ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ti há sínú àpótí Lájídé rí, oríire ló gbé e bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù láyé ni kó parí ayé rẹ̀ sílé onílé.

Olóyè Ẹ̀mú dìde, ó la ẹnu gbàgà.

“Kábíyèsí, ìmọ́lẹ̀ àpótí! Ẹwà àwa olóyè ni ògo yín. Bí òǹtẹ̀ bá lu kíróòmù, yóò sán, ìpẹtà yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí irin dúdú gba òǹtẹ̀. Àwa yóò so téèpù pupa mọ́dìí, a ó fi bírò kọ lẹ́tà sí i.”

“Ẹnu yín ò ní dípẹtà!” Àwọn olóyè pàtẹ́wọ́.

Mẹ́tàlá ò lè mú un mọ́ra. “Ẹ̀mú, ṣé wọ́n ti lò yín ṣiṣẹ́ rí, àbí ẹ kàn ń dán? Ẹ ò mọ ohun tí pẹtiróòlù ń ṣe fún téèpù? Kábíyèsí, ẹ lù mí! Tiyín ńkọ́, níbo ni yóò wà?”

Ọba rẹ́rìn-ín. “Èmi tí mò ń lu Òǹtẹ̀? Ta ni yóò lù mí?”

Ó gba ọ̀rọ̀ Ẹ̀mú wọlé, ṣùgbọ́n torí pé Mẹ́tàlá bẹ̀ ẹ́, ó gbé Òǹtẹ̀ lé e lẹ́nu.

“Ẹ má lu ẹnu mi! Òun ni mo fi ń di bóòtù mú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ lù!”

Gbàù! Gbàù! Kíróòmù ẹ̀yìn rẹ̀ sán. Mẹ́tàlá ké, ó sì fi òróró ra ojú ọgbẹ́.

“Ẹ wo olóyè tó kọlà!” ni Ẹ̀mú wí. Wọ́n lu àwọn irin dúdú, àwọn náà ké; àwọn olóyè yòókù so téèpù mọ́dìí.

Kò pẹ́, ọkọ̀ ńlá kan bàjẹ́. Àpótí méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì da gbogbo irin iṣẹ́ sínú abọ́ pẹtiróòlù kan ṣoṣo láti fọ̀ wọ́n. Téèpù bọ́. Bírò pa rẹ́.

“Tèmi nìyí,” ni Lájídé wí, ó di Mẹ́tàlá mú.

Mosúnmọ́lá já Mẹ́tàlá gbà, ó yí i padà. “M, A! Ṣé kí n kà á fún ẹ ni?”

Mẹ́tàlá fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin! Àwọn irin dúdú tẹ̀ lé e wálé, ọ̀kan ò dín. Ẹ̀mú ń sọ̀rọ̀ dídùn títí Lájídé fi gbé òun àtàwọn olóyè yòókù lọ.

Ó wá ku òòlù méjì nílẹ̀, wọ́n jọra bí ìbejì. Mosúnmọ́lá gbé ọ̀kan, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé èkejì. Jìnnìjìnnì bo Ọba Òòlù. Oríire lásán ló jẹ́ kó mú Ọba.

Nígbà tí wọ́n délé, òun fúnra rẹ̀ ló pe ìgbìmọ̀. “Mo fẹ́ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n orí mi le ju Òǹtẹ̀ lọ.”

“Orí yín nìyẹn,” ni Mẹ́tàlá wí. “Igi ni ọwọ́ yín.”

Gbogbo ìlú wò ó. Igi ni lóòótọ́. Wọ́n ti Ìṣó, ọmọ ìsàlẹ̀ àpótí, bọ iná títí ó fi pọ́n, ó sì kọ M, ó kọ A. Èéfín rú. Ọba Òòlù ké bí gbogbo wọn ṣe ké.

“Ó dùn mí o!”

“Ó dun àwa náà, Kábíyèsí,” ni Mẹ́tàlá wí, ó sì ra òróró sí i lára.