Orí Wáyà Aláwọ̀ Wúrà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Alàgbà Bámilóyè fi ń kéde rẹ̀ ní Abúlé Òkúta, ní Bàrígà: ní agogo mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú yóò yan alága lórí afẹ́fẹ́, òun ni wọn yóò sì yàn. Òfin ẹgbẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, kó gbàgbé oyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Rọ̀kíbátù ní Onipanu, láti ra orí tí wọ́n ń fi sẹ́nu wáyà eríà kó lè wọ rédíò. Obìnrin náà wo wáyà tó mú dání, ó gbé orí kan tó ṣú bí ìdí ìkòkò kalẹ̀.

"Èyí ni tiyín, Bàbá. Wáyà yín sanra."

Ojú Alàgbà ti wà lára èyí tó ń kọ mànà. "Aláwọ̀ wúrà yẹn ńkọ́?"

"Ti wáyà tín-ín-rín nìyẹn, sà. Ẹnu ẹ̀ ò ní gbà á."

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Dì í fún mi."

"Ó dáa, sà. Ẹsẹ̀ yín lẹ fẹ́ kì bọ bàtà ọmọdé, kì í ṣe tèmi."

Nílé, wáyà kọ̀, kò wọlé. Alàgbà fọ̀bẹ bó o, kò wọlé. Ó gé lára àwọ̀n bàbà tó yí i ká, ó tiraka wọlé. Ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí i tán, ló bá rí òrùka tí wọ́n fi ń yí i mọ́ rédíò lórí tábìlì. Kò rántí kì í bọ wáyà! Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Níní, ẹ ò ṣe kúkú padà sí Onipanu?" ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kí Rọ̀kíbátù lè fi mí rẹ́rìn-ín? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Nígbà tó fi di agogo mẹ́rin, orí wúrà ti jókòó sẹ́yìn rédíò, ó ń dán bí eyín wúrà lẹ́nu Alájì. Ohùn kan ń bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé inú ìgò ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

"Bámilóyè ti Bàrígà, ṣé ẹ ń gbọ́ wa?"

"Mo ń gbọ́ yín kedere!"

"Bámilóyè ti Bàrígà?"

"Mo ní mo wà ńbí!" Ó lọgun débi pé aládùúgbò dá a lóhùn láti òdìkejì ògiri: "A ti gbọ́, Alàgbà!" Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni kò gbọ́.

Ó fi ìbínú já orí náà. Ó rí i pé fọ́nrán kan ṣoṣo lára àwọ̀n bàbà ti fara kan wáyà àárín, ibẹ̀ ni agbára rédíò ń bá lọ. Ó ki wáyà lásán bọ ihò, ó fọwọ́ tẹ àwọ̀n bàbà mọ́ ara rédíò. Ó jó o níka, ṣùgbọ́n ohùn jáde.

"Bámilóyè nìyí!"

"Áà, ẹ káàbọ̀, sà," ni ọmọbìnrin kan dáhùn. "Dọlápọ̀ ni, láti Ìbàdàn. Èmi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn. Èèyàn mọ́kànlá tó fẹ́ kí mi kú oríire ló ṣáájú yín; ẹ jẹ́ kó kàn yín."

Ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ṣé wọ́n ti yàn yín?"

"Wọ́n ń bọ̀ lórí mi," ni Alàgbà wí. Kò lè ju wáyà sílẹ̀.