Lẹ́tà Tí Kò Ní Déètì

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, wọ́n pe Rumena sí ọ́fíìsì. Nígbà tó padà dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, kò jókòó. Ó kàn dúró, ó ń wo àwọn kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí kò tíì rán bíi pé ẹlòmíì ló ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n Zagorka," ó wí fún mi, "wọ́n ní mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti Ọjọ́ Ẹtì."

"Ọjọ́ Ẹtì wo? Èyí tí a jọ rán kọ́là di ìrọ̀lẹ́?"

"Òun náà ni. Wọ́n fi lẹ́tà hàn mí. Èmi ni mo fọwọ́ sí i lóòótọ́."

Kò sẹ́ni tó béèrè bó ṣe jẹ́. Gbogbo wa, obìnrin ọgọ́ta tó ń ránṣọ níléeṣẹ́ náà, la ti fọwọ́ sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá síṣẹ́: èmi lágbájá, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi. Wọ́n ní ká má kọ déètì. Ọ̀gá Tasko kó wọn sínú àpótí irin. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá sú u, á mú bírò, á kọ déètì sí i, ó parí.

Oyún Rumena ti pé oṣù mẹ́rin. Bó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó bá bímọ, ìjọba á máa san owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án tó máa fi tọ́jú ọmọ. Ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní gba denar kan. Ọkọ rẹ̀ kò sì ríṣẹ́ láti ìgbà òtútù.

Mo lọ bá Tasko.

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé ọmọ yìí ò fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Zagorka, ṣé èmi ni mo lé e ni? Àwọn Jámánì ni. Wọ́n ń gé aṣọ ránṣẹ́ sí wa, a ń rán an, ó ń padà wọ ilẹ̀ wọn láìsan owó kọ́sítọ̀mù. Ọwọ́ yín nìkan là ń tà fún wọn. Bí ọwọ́ yẹn bá wọ́n díẹ̀ báyìí, Moldova ni ọkọ̀ wọn á gbà lọ. Ta ló fẹ́ rán kọ́là fún oṣù mẹ́sàn-án?"

"Ẹ gba ẹlòmíì fún oṣù mẹ́sàn-án."

"Kí n fi oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀ kọ́ onítọ̀hún níṣẹ́? Padà sídìí ẹ̀rọ rẹ, jọ̀ọ́."

Nígbà ìsinmi ni mo ka ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fún Rumena. Lókè ìwé náà, wọ́n tẹ Republika Makedonija. Ọdún 2017 ni Rumena fọwọ́ sí i. Ọdún 2019 ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa di Àríwá Makedonija. Déètì tí Tasko kọ sísàlẹ̀ jẹ́ ti oṣù kẹta ọdún 2021. Ta ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí lórí ìwé tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá láti ọdún méjì?

"Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́," mo wí fún Rumena. Ọjọ́ náà gan-an la lọ sọ́dọ̀ Velev, olùbẹ̀wò iṣẹ́ ti ìjọba.

Velev ka lẹ́tà náà, ó wọ yàrá kejì lọ tẹ Tasko láago, ó padà wá mu kọfí rẹ̀.

"Màmá, orílẹ̀-èdè wo lẹ ń gbé?"

"Makedonija."

"Ẹ ò fi Àríwá síwájú ẹ̀?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ẹ̀yin náà nìyẹn. Mo ti pe Tasko. Ó ní ìwé àtijọ́ lòun ṣì ń lò. Ó ní ẹ̀yin òṣìṣẹ́ lẹ ò jẹ́ kóun lo tuntun. Ṣé irọ́ ló pa?"

Kì í ṣe irọ́. Lọ́dún tí wọ́n yí orúkọ náà padà, Tasko kó ìwé tuntun wá fún ìsinmi ọdọọdún. Èmi ni mo dìde nídìí ẹ̀rọ mi, mo ní n kò ní fọwọ́ sí ìwé tó fún ilẹ̀ baba mi lórúkọ tí àlejò yàn. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Vaska, ọ̀kan lára wọn, ń fi àlùmọ́gàjí lu tábìlì. Tasko rẹ́rìn-ín, ó kó ìwé tuntun lọ, ó sì kó àtijọ́ padà wá. A rò pé a ṣẹ́gun ọ̀gá. Nínú ọdún méjìlélógún tí mo ti wà níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí a jọ fohùn kan béèrè, tí a sì rí gbà nìyẹn. A ò fohùn kan béèrè àwọn lẹ́tà wa rí.

"Kí ló wá kù?" mo bi Velev.

"Ẹlẹ́rìí. Kí òṣìṣẹ́ mìíràn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun náà fọwọ́ sí lẹ́tà tí kò ní déètì."

Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn obìnrin ṣe ń jẹ páì burek nígbà ìsinmi, mo la ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

"Ọmọ mi méjì wà ní yunifásítì ní Skopje," Vaska wí. "Ẹ̀rí wo ni kí n jẹ́?"

"Òun náà ò ṣe lóyún nígbà tíṣẹ́ ò pọ̀?" Lenka tó ń lọ aṣọ wí. "Ẹ sọ fún ọkọ ẹ̀ kó máa wo kàlẹ́ńdà àwọn Jámánì kó tó sún mọ́ ìyàwó ẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rumena tó wá kó àwọn nǹkan rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

"Nígbà tó jẹ́ orúkọ lórí ìwé, ẹ lu tábìlì. Nígbà tó wá kan oúnjẹ ọmọ, ẹ ń jẹ burek."

"Ìwọ náà ń jẹ burek, ẹ̀gbọ́n," Vaska dáhùn. "Ìwọ lo sì kọ́kọ́ pariwo."

Mo gbé burek mi kalẹ̀, mo wá bírò.

Mo kọ ẹ̀rí tèmi sójú ìwé kan, mo sì mú un lọ fún Velev. Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kẹta, Tasko pè mí. Kò wojú mi. Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì, déètì àná wà lórí ẹ̀.

"Ẹ fún mi ní ẹ̀dà," mo ní.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Òfin ní kí ẹ fún mi."

Mo gbé lẹ́tà méjèèjì kalẹ̀ níwájú Velev. Ọdún 1999 ni wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ tèmi, èyí tí wọ́n ti gbé jùnù kí Rumena tó débẹ̀ rárá.

"Ṣé ìfẹ́ ilẹ̀ baba ló mú kí Tasko fi ẹ̀rọ yẹn tẹ̀ ẹ́ lánàá?" mo bi í.

Velev gbé lẹ́tà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Èyí á dúró ní kóòtù," ó wí. Ó kọ ìròyìn rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀.

"Ìgbà wo ni kóòtù?"

"Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, bí ara adájọ́ bá yá."

"Títí dìgbà náà ńkọ́?"

"Títí dìgbà náà, Màmá, ẹ̀yin méjèèjì ti fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra yín."

Nígbà tí a jáde, Rumena dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi ìka ka oṣù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ á ti máa jókòó nígbà yẹn."

"Gbé e dání wá. Kó wá jókòó síwájú adájọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni tó lè fún òun ní aṣọ rán nílé.