“Láìpẹ́” Tí Mo Kọ́ Adédùntán

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Inísà, Òyìnbó Akínyẹlé ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì mi, ìkúnlẹ̀ ni, á na ọwọ́ méjèèjì sókè títí aago yóò fi lù. Adédùntán Adépọ̀jù ló kúnlẹ̀ jù ní ọdún tó kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó fi máa dé kíláàsì karùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè kọ ìlà méjì tó já gaara ní èdè ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni mo pe ìyẹn nígbà náà.

Èmi náà ni mo kọ́ wọn ní lẹ́tà kíkọ. Mo ní bí wọ́n bá ń parí lẹ́tà sí òbí, kí wọ́n kọ ọ́ pé “Hoping to see you soon”, ìyẹn ni pé mo nírètí láti rí yín láìpẹ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe àdéhùn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu Òyìnbó tó bá kan ọ̀rọ̀ àkókò. Wọ́n á ní kí o fún àwọn ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á lo wákàtí kan gbáko. Wọ́n á ní ẹ óò jọ jẹun lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà kò sì sí nínú kàlẹ́ńdà kankan. Ẹnikẹ́ni kì í bínú, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé ìkíni lásán ni. Àwọn ọmọ ogójì ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn lọ́jọ́ náà.

Adédùntán lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó lọ́dún 1988. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Màmá Keziah ni ìyá náà, aránṣọ ni ní Òkukù, ilé kẹta sí tèmi. Ìwé tí Màmá mọ̀ kò ju Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin lọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo lẹ́tà ọmọ rẹ̀. Èmi ni mò ń lọ gbà wọ́n ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìkìrun, èmi ni mò ń kà wọ́n, èmi náà ni mò ń kọ èsì.

Nígbà tí mo ka àkọ́kọ́, ó yẹ kí n fo ìlà ìparí yẹn. Ojú tí Màmá fi ń wò mí kò jẹ́.

“Ó ku kí ni, Tíṣà?”

“Ó ní òun ń retí láti rí yín láìpẹ́, Màmá.”

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. “Láìpẹ́ wo? Ṣé kí Kérésì tó dé ni?”

Ẹ̀yin ẹ bá mi wò ó. Ẹnu wo ni n bá fi sọ fún ìyá ọlọ́mọ kan pé gbólóhùn tó ń mú inú rẹ̀ dùn yẹn, mo kọ ọ́ sójú pátákó fún ogójì ọmọ? Mo ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé Adédùntán ń bọ̀ ní Kérésì.

Kò wá. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń bá a ṣàwíjàre, ó ní òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra. Lẹ́tà mìíràn dé, láìpẹ́ tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Màmá tún béèrè ọjọ́, mo tún fún un ní ọjọ́: ọdún Àjíǹde. Lẹ́yìn èyí, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń pín ọjọ́ tí kì í ṣe tèmi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, kókó kan yọ sí ọmú Màmá. Jemima, àbúrò rẹ̀, mú un lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Dókítà ní kí wọ́n gé e kí oṣù náà tó parí, ó ní bí wọ́n bá tètè gé e, yóò yè é. Màmá kọ̀ jálẹ̀.

“Ọmọ mi ń bọ̀ láìpẹ́,” ló wí. “Wọn ò ní fi ọ̀bẹ kàn mí kó má sí ńbẹ̀. Bí n ò bá wá jí mọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó rí mi ná.”

Jemima gba ilé mi wá. “Tíṣà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọmọ yìí ń bọ̀ lóṣù yìí àbí kò bọ̀?”

Èmi tó yẹ kó jẹ́wọ́ nígbà náà, ìtìjú dì mí lẹ́nu. Mo ní ká kọ̀wé sí i, yóò dáhùn.

Màmá jókòó tì mí, ó ń sọ ọ́, mò ń kọ. “Ẹ bá n sọ fún un pé, Adédùntán, kókó kan yọ sí mi lọ́mú, wọ́n fẹ́ gé e. Ẹ̀rù ń bà mí. Ohun yòówù tí o bá ń ṣe, fi sílẹ̀, kí o wá.”

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó rí gán-n-gán lójú mi, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò kàwé, kí wọ́n má lọ sọ pé Akínyẹlé ló kọ irú èyí. Mo kọ ọ́ pé ara Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ le, pé àwọn dókítà ń mójú tó o, pé inú rẹ̀ yóò dùn láti rí i “at your earliest convenience”, ìgbà tí àyè bá kọ́kọ́ yọ fún un. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ mi.

Èsì dé ní oṣù kẹwàá. Adédùntán kí Màmá kú ara tí kò le, ó ní ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, ó sì parí rẹ̀ bí mo ti kọ́ ọ.

“Ó gbọ́?” ni Màmá béèrè.

“Ó gbọ́, mà.”

“Ó ń bọ̀?”

“Ó ń bọ̀ láìpẹ́, mà.”

Kò béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ń dúró de ọmọ rẹ̀. Ní oṣù kìíní, Jemima fi tipá gbé e lọ sí Òṣogbo, dókítà sì ní ó ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Màmá Keziah kú.

Jemima kò tọ̀ mí wá. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Ìkìrun, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ wáyà: Ìyá rẹ ti kú, máa bọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni Adédùntán fi dé. Ọjọ́ mẹ́fà! Mo ka ọjọ́ náà lórí ìka mi, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ó wá sílé mi pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sí i. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun tún gbogbo wọn kà nínú ọkọ̀ òfuurufú, kò sí ibi kan tí Màmá ti ní kí òun máa bọ̀. Àyè kò tíì yọ fún òun nígbà náà, òun rò pé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè bóyá ìyá òun bínú sí òun ni, bóyá kò fẹ́ rí òun mọ́.

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ bí ó ti rí, kò ní kí mi mọ́ láyé. Mo sì mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́, yóò gbé ìyẹn lọ sí ìlú Òyìnbó, pé ìyá òun kú láìpe òun.

“Ó pè ọ́,” mo ní. “Èmi ni n kò kọ ọ́.”

Mo wá sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, bó ti jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀ gan-an, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní, “Ẹ tún un sọ, sà.”

Mo tún un sọ.

“Ẹ tún un sọ.”

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá wa níbẹ̀, mo sì ń tún un sọ.